Àwọn Olórí Tó Sọ Àgọ́ Ogun Di Ìlú: Ìtàn Ìbàdàn àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀

Ìtàn ni a fẹ́ kà lónìí, a ó sì kà á débi tí yóò fi kan àwa náà.

Bí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́ fún Mùsùlùmí, Fir'aon ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, nítorí ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú Ànábì Mûsâ (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ṣùgbọ́n àwọn ọba ti jẹ, wọ́n sì ti kú, fún ohun tó lé ní 1,500 ọdún ní ilẹ̀ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yẹn pe ọba wọn. Ẹni tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí ọba àkọ́kọ́ lórí Íjíbítì tó di ọ̀kan ni Narmer, ní nǹkan bí ọdún 3100 ṣáájú ìbí Ànábì Ìsá. Kó tó di ìgbà tirẹ̀, ilẹ̀ méjì ni: ilẹ̀ òkè ní gúúsù, níbi tí odò Náílì ti ń ṣàn bọ̀, àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ní àríwá, níbi tí odò náà ti ń ya wọ inú òkun. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ ní 1898, tí wọ́n ya àwòrán Narmer sí. Lójú kan, ó dé adé funfun ti ilẹ̀ òkè; lójú kejì, ó dé adé pupa ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Ọba mìíràn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, Den, ni ọba àkọ́kọ́ tí a rí àwòrán rẹ̀ tó dé adé méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ kíyè sí i. Adé méjì ni Narmer dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó di ìgbà àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kí adé méjèèjì tó wà lórí kan ṣoṣo. Ogun lè so ilẹ̀ méjì pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó gbà lọ́kàn wọn pé ọ̀kan ni àwọn, ó máa ń gba ìran.

Báwo ni àwọn tí kì í ṣe ọ̀kan ṣe ń di ọ̀kan? Kò dìgbà tí a bá dé etí odò Náílì kí a tó rí ìdáhùn. Ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé yìí, Ìbàdàn, ti tó ẹ̀kọ́ fún wa.

Orúkọ tí à ń pè lójoojúmọ́

Ìwọ tí ò ń gbé ní Bódìjà, ìwọ tí ò ń háyà yàrá ní Àgbowó nítorí Yunifásítì, ìwọ tí ò ń ná ọjà ní Dùgbẹ̀, ìwọ tí ò ń wọ mọ́tò ní Ring Road tàbí Challenge, apá ìlú tó jẹ́ tuntun lo wà. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, òun ló sì jẹ́ kí Dùgbẹ̀ di ibi òwò ńlá. Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì sílẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí Bódìjà. Ọdún 1965 ni ilé Cocoa House parí.

Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ènìyàn àtijọ́ ló kún ẹnu wa níbẹ̀. À ń pe Oluyole Estate, à ń pe Baṣọ̀run, à ń pe ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, à ń lọ sí ọjà Alẹ́ṣinlọ́yẹ̀. Ère obìnrin kan wà ní oríta Challenge tí a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ọmọ rẹ bá bi ọ́ léèrè pé, "Bàbá, ta ni Olúyọ̀lé?", kí lo máa sọ?

Kí Ìbàdàn tó di èyí tí a mọ̀

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lágelú, jagunjagun kan láti Ilé-Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, ibẹ̀ sì ni orúkọ ìlú ti jáde. Ìtàn náà sọ pé ogun fọ́ ìlú yẹn, Lágelú àti àwọn tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ títí ara fi tù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ tún ìlú mìíràn tẹ̀, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá.

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí jáde láti inú ogun mìíràn. Ní àwọn ọdún 1820, ilẹ̀ Yorùbá kò fararọ. Agbára Ọ̀yọ́ Ilé ń tán lọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sá bọ̀ wá sí gúúsù pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tó sá wá, para pọ̀ fọ́ ìlú Òwu. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọn ò tú ká. Wọ́n yíjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí wọ́n bá tí ilé ṣì dúró níbẹ̀ tí àwọn onílé ti sá. Ní nǹkan bí ọdún 1829, wọ́n wọ ibẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di àgọ́.

Ẹ fojú inú wò ó. Àwọn ará Ifẹ̀ àti àwọn ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú wà ní ibi tí a ń pè ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí di òní. Àwọn Ẹ̀gbá tó dara pọ̀ mọ́ wọn wà ní Yéosà. Olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀, ẹ̀ka èdè tirẹ̀, àti ìbínú tirẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ pé ilé bàbá òun nìyí. Ogun ló kó wọn pọ̀, kì í ṣe ìfẹ́.

Máyẹ̀, àti ìjà tó di Gbánámú

Olórí àkọ́kọ́ ní àgọ́ náà ni Máyẹ̀ Okùnadé, ará Ifẹ̀. Akọni ni, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo ènìyàn. Ẹni tó tẹ̀lé e ni Lábọ̀ṣindé, ará Ifẹ̀ náà, ṣùgbọ́n onísùúrù àti ẹlẹ́yinjú àánú ni. Lákanlẹ̀ ni olórí àwọn ará Ọ̀yọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe bí olówó àgọ́, wọ́n sì ń wo àwọn ará Ọ̀yọ́ bí ìsáǹsá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò tà. Àwọn Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ rí i pé ibẹ̀ kò gba àwọn mọ́. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn lọ sí abẹ́ òkè Olúmọ, wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó.

Kò pẹ́ sí i tí ìjà fi ṣẹlẹ̀ láàárín ará Ifẹ̀ kan àti ará Ọ̀yọ́ kan. Ìjà ẹni méjì ni, ohun tí àwọn àgbà ìbá fi ẹnu parí. Ṣùgbọ́n Máyẹ̀ gbè sẹ́yìn ẹni tirẹ̀, ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹjọ́ wá di ogun ìgboro. Àwọn ará Ọ̀yọ́ lé Máyẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Ó lọ kó ogun jọ, ó padà wá, wọ́n sì pàdé ní Gbánámú. Orúkọ yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n gbá iná mú, nítorí ìjà náà le débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá ẹnu ìbọn ara wọn mú. Ibẹ̀ ni agbára Máyẹ̀ ti parí, òun pàápàá kò sì bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí, ẹ̀yin ará mi. Àìgbọ́ràn àwọn ará Ọ̀yọ́ kọ́ ló bi Máyẹ̀ ṣubú. Ohun tó bì í ṣubú ni pé nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú rẹ̀, ó wo ojú ẹni tó ń rojọ́ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àlùkùráánì ti kìlọ̀ fún wa nínú Súúrà An-Nisaa, àáyá 135, pé kí a dúró ti òdodo, bí ó tilẹ̀ tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa. Olórí tó bá ń dájọ́ nípa ẹ̀yà, ó ti ń tú ìlú rẹ̀ ká.

Lẹ́yìn ogun, wọn ò lé gbogbo ènìyàn

Ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́gun ló jẹ́ kí Ìbàdàn dúró. Wọ́n fi Olúyẹ̀dùn, ọmọ Àfọ̀njá ti Ìlọrin, ṣe olórí, ó sì jẹ oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Lákanlẹ̀ jẹ Ọ̀tún. Olúyọ̀lé, tó ṣì kéré sí wọn nígbà náà, wà lára àwọn ìjòyè.

Lábọ̀ṣindé ńkọ́? Ṣé ẹ rántí pé ará Ifẹ̀ ni, òun ló sì tẹ̀lé Máyẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìkan bá ni, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lé. Wọn ò lé e. Wọ́n fi í ṣe Bàbá Ìsàlẹ̀ ìlú nítorí ìwà rẹ̀. Nígbà tí idà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Ìwà rere ló gbà á là.

Olúyọ̀lé: ẹni tó ní oko, tó sì ní idà

Lẹ́yìn Olúyẹ̀dùn àti Lákanlẹ̀, agbára bọ́ sọ́wọ́ Olúyọ̀lé. Ọmọ ọmọ Baṣọ̀run Yamba ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún. Nígbà tí Àtìbà dá Ọ̀yọ́ tuntun sílẹ̀, ó fi oyè Baṣọ̀run dá Olúyọ̀lé lọ́lá, ó sì fi oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò dá Kúrunmí ti Ìjàyè lọ́lá. Wọ́n jọ pín iṣẹ́: kí Ìbàdàn máa ṣọ́ ọ̀nà àríwá àti ìlà-oòrùn, kí Ìjàyè máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn. Ìba ni wọ́n ń ké Baṣọ̀run sí, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọjà tó wà lábẹ́ òkè Màpó ní Ọjà'ba.

Àgbẹ̀ pàtàkì ni Olúyọ̀lé. Oko ilá rẹ̀ wà lọ́tọ̀, oko ẹ̀wà lọ́tọ̀, oko ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Bí ọ̀kan bá wọ́n lọ́jà, oko rẹ̀ ni àwọn obìnrin alájàpá ń lọ. Ó mọ̀ pé ìlú tí ebi bá ń pa kò lè jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le, ó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó sì bá àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ rẹ̀ jà nínú ìlú.

Nígbà tirẹ̀ náà ni Ìbàdàn di ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbójú lé. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Balógun Ọdẹ́rìnlọ kó àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lọ, wọ́n sì ṣẹ́gun níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ogun Ìlọrin kò lè wá sí gúúsù mọ́ bí ó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan lè béèrè pé, "Ṣé ogun ẹ̀sìn ni?" Ìlọrin wà lábẹ́ ẹ́míà nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí wà nínú Ìbàdàn náà. Ogun ilẹ̀ àti agbára ni.

Mọ́sálásí Ọjà'ba

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àgọ́ ni Mùsùlùmí ti wà ní Ìbàdàn. Ṣéù Abdullahi Gunnugun ni Lémọ́ọ̀mù àgbà àkọ́kọ́. Wọ́n kọ́ mọ́sálásí sí Ọjà'ba, ṣùgbọ́n Olúyọ̀lé ní kí wọ́n wó o, wọ́n sì wó o.

Kí ni àwọn bàbá wa wọ̀nyẹn ṣe? Wọn ò kó kúrò nílùú. Wọ́n ń kírun, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéwú, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n sì ń bá ìlú lọ sógun. Olúyọ̀lé kú ní 1847. Nígbà tí Ọ̀pẹ́àgbé di olórí, Mùsùlùmí tún rí àyè kọ́ mọ́sálásí. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, Mùsùlùmí ti jẹ olórí Ìbàdàn. Sùúrù wọn ló sọ wọ́n di onílé níbi tí wọ́n ti wó ilé ìjọsìn wọn.

Ìlú tí kò béèrè ibi tí o ti wá

Lẹ́yìn Olúyọ̀lé, ọmọ rẹ̀ kò jogún oyè. Ohun tó ya Ìbàdàn sọ́tọ̀ láàárín ìlú Yorùbá nìyí: kò sí ìdílé ọba. Oyè ìlú pín sí ọ̀nà méjì, ti Baálẹ̀ àti ti Balógun, ẹni tó bá sì wọlé láti ìsàlẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ipò bá ti ń ṣí sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń gbé ni ga.

Ẹ wo àwọn tó di ńlá níbẹ̀. Balógun Ìbíkúnlé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ògúnmọ́lá, tó di Baṣọ̀run, láti Fẹ̀sù nítòsí Ìwó ló ti wá. Látòósà, tó di Ààrẹ ní 1871, ará Ìlọ́rà ni. Kò sí èyí tí wọ́n bí sí ààfin Ìbàdàn nínú wọn, nítorí kò sí ààfin kankan. Títí di òní, ọ̀nà àkàbà yẹn náà ni wọ́n ń gbà dé orí ìtẹ́. Orúkọ ló yí padà ní 1936, nígbà tí Baálẹ̀ di Olúbàdàn.

Ohun tí kò yẹ kí a fi pamọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín bí oyin nìkan. Ìlú tó gba àjèjì mọ́ra nínú ilé ló ń kó àwọn ará ìlú mìíràn lẹ́rú níta. Ní 1862, Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, ìlú tí wọ́n jọ pín iṣẹ́ ìṣọ́. Ó fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìnira àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ló sì bí ogun Kírìjì ní ìparí àwọn ọdún 1870. Àdéhùn àlàáfíà kò wáyé títí di 1886.

Ère tó wà ní Challenge, ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni, Ìyálóde Ìbàdàn, obìnrin olówó tó ní oko ńlá, tó ń fi ìbọn àti ẹ̀tù ránṣẹ́ sí ogun. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ka eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀ nílé ìwé. Ààrẹ Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè, ó sì ní ọwọ́ nínú bí wọ́n ṣe pa á nínú ilé rẹ̀ ní 1874. Mùsùlùmí ni Látòósà. Muhammad, tí a ń pè ní Mọ́mọ́dù, ni orúkọ rẹ̀. Olúyọ̀lé tó wó mọ́sálásí, kì í ṣe Mùsùlùmí, àwọn obìnrin sì rí oúnjẹ gbà lóko rẹ̀. Kí la máa wí sí i? Kí a pe rere ní rere níbikíbi tí a bá ti rí i, kí a sì pe àbòsí ní àbòsí, kódà bí orúkọ ẹni tó ṣe é bá jọ tiwa.

Kí lèyí kàn ọ́?

Ó kàn ọ́ gan-an. Ní Bódìjà àti Àgbowó lónìí, onílé kan lè kọ̀ láti fún ènìyàn ní yàrá nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Nínú ọjà, ẹ máa ń gbọ́ pé, "Àwa la nilẹ̀, àlejò ni yín." Nínú mọ́sálásí pàápàá, a máa ń rí i kí wọ́n sọ pé lágbájá kò lè ṣe lémọ́ọ̀mù nítorí pé kì í ṣe ọmọ àdúgbò. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn kò mọ ìtàn ilé ara rẹ̀. Ta ni kò ṣe àlejò níbí rí? Àwọn Ẹ̀gbá Gbágùrá tó nilẹ̀ ṣáájú ti lọ. Bàbá ńlá olúkúlùkù wa rin ọ̀nà kan wá.

Nígbà tí Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé Mẹ̀dínà ní 622, ó bá ẹ̀yà Aws àti Khazraj tí wọ́n ti ń ja ara wọn tipẹ́, ó sì kó àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́kà dání. Kò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó nilẹ̀. Ó so àwọn àlejò pọ̀ mọ́ àwọn onílé ní ọmọ ìyá. Súúrà Al-Hujuraat, àáyá 13, sì jẹ́ kó yé wa pé torí kí a lè mọ ara wa ni Ọlọ́hun ṣe dá wa ní ìran àti ẹ̀yà, ẹni tó bá sì bẹ̀rù Rẹ̀ jù ló níyì jù lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Màpó lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ẹ dúró sí òkè, ẹ nawọ́ sí Ọjà'ba, ẹ nawọ́ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ sọ fún wọn bí àwọn tó ń gbógun ti ara wọn ṣe di ará ìlú kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ìlú tí bàbá ńlá yín ti wá kó tó dé Ìbàdàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kí aládùúgbò yín tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olórí wa ní òye láti dájọ́ òdodo, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí ìjà ẹni méjì di Gbánámú láàárín wa, kí Ó sì ṣe ìlú wa ní ibi ìfàyàbalẹ̀ fún onílé àti àlejò. Àmín.